Owó Fẹ̀yìntì Jẹ́jẹ́

Pátákó orúkọ ọ́fíìsì ni Tíṣà kọ́kọ́ gbójú sókè wò, kò sì rí i. Ihò tí ìṣó dá sára ògiri ló kù, àti àyè funfun kan níbi tí oòrùn ò ti fọwọ́ kàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé pátákó náà kọ́. Ó wá wo ilẹ̀kùn. Àgádágodo tuntun ló ń dán níbẹ̀. Ó dì í mú, ó fà á, bíi pé yóò gbọ́ràn sí i lẹ́nu bí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ àtijọ́. Àgádágodo ò dá a lóhùn.

Ó tẹ ojú mọ́ gíláàsì fèrèsé. Tábìlì Máníjà tó ń gba owó wọn, kò sí. Àwọn àga tí wọ́n máa ń fi gba àlejò, kò sí. Wọ́n ti tú fáànù kúrò lókè àjà. Kódà gílóòbù iná, àwọn èèyàn yìí yọ ọ́ lọ! Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi sílẹ̀ ni àwòrán bàbá arúgbó kan àti ìyá arúgbó kan tí wọ́n rọ̀gbọ̀kú sórí àga, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sísàlẹ̀ rẹ̀ pé: FẸ̀YÌNTÌ JẸ́JẸ́. IṢẸ́ TI TÓ, WÁ SINMI.

Tíṣà gbé ojú kúrò lára gíláàsì.

"Wọ́n ti lọ," ló sọ.

"Lọ síbo?" àbúrò rẹ̀ béèrè lẹ́yìn rẹ̀.

"Bí mo bá mọ ibi tí wọ́n lọ, ṣé ibí ni mo máa dúró sí?"

Àbúrò rẹ̀ yí padà. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan, ó ń wo títì. Ìyẹn dun Tíṣà ju kó bú sẹ́kún lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ìjọba ń fún un ní díẹ̀ lóṣooṣù, díẹ̀ náà sì ni lóòótọ́, àmọ́ ó ń wọlé. Ti àbúrò rẹ̀ yàtọ̀. Télọ̀ ni, Télọ̀ náà ni gbogbo àdúgbò sì ń pè é. Kò ṣiṣẹ́ ìjọba rí, kò ní ọ̀gá kankan tó máa fún un lówó ìfẹ̀yìntì. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge ló ti ń yọ díẹ̀ díẹ̀ sọ́tọ̀ lára owó aṣọ tó bá rán. Wọ́n ń pè é ní ahun, ó ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́jọ́ tí ojú òun bá kọṣẹ́ sílẹ̀, òun ò ní lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọmọ ẹnikẹ́ni. Ojú náà sì ti ń kọṣẹ́ sílẹ̀ báyìí. Ọ̀rọ̀ ojú Télọ̀, kàyéfì ni. Bí ẹyẹ bá bà lé òrùlé tó wà lópin àdúgbò, yóò sọ àwọ̀ rẹ̀ fún ẹ, ṣùgbọ́n kó rí ihò abẹ́rẹ́ tó wà níwájú imú rẹ̀, àfi kó pe ẹni tó ń kọjá lọ. Ó ti ń múra àtiti ṣọ́ọ̀bù pa. Gbogbo ohun tó fẹ́ fi jẹun lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀ wà nínú owó yẹn. Ta ló wá ní kó gbé e kúrò ní báǹkì, kó kó o lọ sí Fẹ̀yìntì Jẹ́jẹ́? Tíṣà ni. Ẹnu rẹ̀ báyìí ló fi sọ ọ́, tó tún tẹnu mọ́ ọn.

Ìlérí Fẹ̀yìntì Jẹ́jẹ́ ò le. Kó owó ìpamọ́ rẹ wá lẹ́ẹ̀kan náà, wọn yóò máa san iye kan fún ẹ lópin oṣù kọ̀ọ̀kan títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Wọ́n sì san án fún oṣù mélòó kan, owó tuntun tó ń ró wàrà wàrà lọ́wọ́.

Kí ló wá mú kí Tíṣà, obìnrin tó máa ń ka ìwé láti òkè délẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i, gbà wọ́n gbọ́? Àìlẹ́kọ̀ọ́ Máníjà ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Gbájúẹ̀ tí Tíṣà mọ̀, ẹlẹ́nu dídùn ni: "Màmá mi dáadáa, ẹ wá jókòó, ẹ gba omi tútù." Ti ọkùnrin yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Ó sanra, ó dá irùngbọ̀n ńlá sí, ewú wà nínú irùngbọ̀n náà, kò sì bọ̀wọ̀ fún ẹnì kankan. Bó o dàgbà bó o kéré, "ìwọ" ni ẹ́ níwájú rẹ̀. "Ìwọ ìyá yìí, bí o ò bá fẹ́, gbé owó ẹ, máa lọ!" Ọjọ́ tó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ sí Tíṣà, ó kù díẹ̀ kó gbá a létí. Tíṣà tó jẹ́ pé bí ọmọ kíláàsì rẹ̀ bá ṣèèṣì sọ "o" sí àgbàlagbà, ọmọ náà máa sọ "ẹ" títí ẹnu á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó o! Ṣùgbọ́n bó ṣe ń fìbínú rìn lọ sílé, èrò mìíràn wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ẹni tó ń lé ọ jáde tòun ti owó rẹ, ṣé olè nìyẹn? Olè wo ló ń lé owó? Lọ́jọ́ kejì, òun àti Télọ̀ jọ kó owó dé.

Kó tó di pé oòrùn mú, iwájú ọ́fíìsì náà ti kún. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, agbẹ̀bí wà níbẹ̀, akọ̀wé kóòtù tó ń tiro wà níbẹ̀. Oníkálukú ń pariwo, ẹnì kan ò gbọ́ ti ẹnì kejì. "Wọ́n ti lù wá ní jìbìtì o!" "Ẹ gbà mí, owó ogún ọdún!" Àárín ariwo yẹn ni wọ́n ti gbọ́ ẹkún kan lẹ́yìnkùlé, ẹkún tó ju ti gbogbo wọn lọ.

Alátíì ni. Ọkùnrin kékeré báyìí ni, kò hu irùngbọ̀n, ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ lè gba èèyàn méjì bíi tiẹ̀, ó sì ti ya léjìká. Òun ló ń gbé tíì fún àwọn oníbàárà ní Fẹ̀yìntì Jẹ́jẹ́, kò sì sẹ́ni tó béèrè ọjọ́ orí rẹ̀ rí. Orí ilẹ̀ ni wọ́n bá a, ó fọwọ́ lérí.

"Wọn ò sanwó oṣù mi! Owó ìyá mi tí mo fi síbẹ̀ náà, wọ́n ti kó o lọ!"

Àánú rẹ̀ ṣe gbogbo èèyàn. Télọ̀ yọ búrẹ́dì nínú báàgì, ó fún un. "Jẹ ẹ́, jàre. Wọ́n ti dá gbogbo wa lóró."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí àwọn ọlọ́pàá rán wá ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ṣingọ́ọ̀mù ò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó yí ilé náà po, ó padà wá bá Alátíì.

"Kí lorúkọ Máníjà?"

"Máníjà la ń pè é, sà."

"Ibo ló ń gbé?"

"Mi ò mọ̀, sà. Kì í bá mi sọ̀rọ̀. Ó kàn máa ń lu agogo ni, èmi á gbé tíì wọlé."

"Kò bá ẹ sọ̀rọ̀ rí?"

"Agogo nìkan, sà."

Tíṣà rántí agogo náà. Òótọ́ ni. Gbogbo èèyàn ni Máníjà ń bú lójúkojú, àmọ́ agogo ló máa ń lù fún Alátíì, kò sì ní wo ojú rẹ̀. Nígbà yẹn, ó ka ìyẹn sí èyí tó burú jù nínú gbogbo àfojúdi ọkùnrin náà.

"Ṣùgbọ́n mo mọ òtẹ́ẹ̀lì tó máa ń lọ," ni Alátíì sọ, ó nu imú nù. "Mo lè mú yín débẹ̀."

Wọ́n kó sínú ọkọ̀ ọlọ́pàá. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn òtẹ́ẹ̀lì náà, Alátíì di ikùn mú.

"Ẹ dákun, inú ń run mí."

"Yára," ni Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ sọ.

Ó sá lọ sẹ́yìn ògiri, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Wọ́n gun òkè lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá wọlé. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀. Tíì inú ife ṣì ń yọ èéfín. Fèrèsé ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ gbayawu, aṣọ ibùsùn sì ń fì níta bí okùn.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni!" Tíṣà pariwo.

"Mo rí i, mà," ni Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ fi dá a lóhùn. Inú rẹ̀ ò dùn.

Ibùdókọ̀ ni Alátíì tún júwe. Ó ní Máníjà ní ọ̀rẹ́ kan tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Wọ́n dé ibẹ̀, inú tún ń run Alátíì. Télọ̀ káàánú rẹ̀, ó ní búrẹ́dì àárọ̀ ló bà á nínú jẹ́. Ó ṣì wà níbi tó lọ nígbà tí Tíṣà rí irùngbọ̀n tó mọ̀ dáadáa lójú fèrèsé bọ́ọ̀sì kan tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́.

"Òun nìyẹn!"

Máníjà ti di fóònù mọ́ etí. Ó ju fóònù sápò, ó fò jáde lẹ́nu ọ̀nà kejì, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tíṣà ká aṣọ sókè, ó tẹ̀ lé e. Ẹ bá mi wo ìyá àgbà tó ń sáré láàárín bọ́ọ̀sì, tí àwọn awakọ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún! Ọwọ́ rẹ̀ tó ẹ̀yìn kóòtù Máníjà, ó gbá a mú. Kóòtù náà ya. Máníjà fo ògiri kúkurú kan, bàtà rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀, ó sì wọ àárín èrò lọ.

Bàtà yẹn ni Tíṣà gbé padà wá, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ.

"Ṣé ọkùnrin yìí ń gbọ́ òórùn wa ni?" Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ béèrè.

"Ó gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, sà," Alátíì sọ, ó ń mi orí. "Ẹ ò mọ Máníjà."

Nígbà tí wọ́n délé, Télọ̀ lọ tààrà sídìí maṣíìnì. Aṣọ oníbàárà kan wà nílẹ̀ tó gbọ́dọ̀ parí. Tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Télọ̀ pọ́n ẹnu òwú, ó nà án sí abẹ́rẹ́, ó tàsé. Ó pọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún tàsé. Tíṣà wọlé, ó gba òwú, ó bá a ti í bọ ihò. Télọ̀ ò wo ojú rẹ̀.

"Ẹ ṣé, mà."

"Bú mi," Tíṣà sọ. "Mo bẹ̀ ẹ́, bú mi. Èmi ni mo ní kó o gbé e."

"Kí ni mo fẹ́ bú yín fún? Aṣọ ni mo ń rán." Télọ̀ tẹ ẹsẹ̀ mọ́ maṣíìnì. "Màá ṣáà máa rán an lọ ni. Títí mi ò fi ní ríran mọ́."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé ilẹ̀ ti ń ṣú. Tíṣà wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sunkún dáadáa. Nígbà tó sunkún tán, inú bí i. Ó búra pé bí Máníjà bá wọ inú ihò èkúté, òun á tọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bọ́ọ̀sì ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wọ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Lójijì, Télọ̀ fọwọ́ tọ́ ọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wo Máníjà."

"Níbo?"

"Nísọ̀ onígbàjámọ̀ yẹn, lọ́hùn-ún, lẹ́yìn òpó iná."

Tíṣà ò rí òpó iná náà pàápàá. Ṣùgbọ́n ó mọ ojú àbúrò rẹ̀. "Awakọ̀, dúró! Mo ní kó o dúró!"

Wọ́n bọ́ sílẹ̀, ó pe Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ lórí fóònù, wọ́n sì lúgọ sẹ́yìn ọkọ̀ kan tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí Alátíì lọ́dọ̀ wọn, inú ò sì run ẹnikẹ́ni. Máníjà jókòó pẹ̀sẹ̀, aṣọ funfun lọ́rùn, ojú dídì. Onígbàjámọ̀ ti fá apá kan irùngbọ̀n rẹ̀. Ó da omi sí apá kejì, ewú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀ bí omi ẹfun. Onígbàjámọ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀, ẹnu yà á.

Ìgbà tí Máníjà la ojú, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e dé àgọ́, apá kan ojú dán, apá kejì rí gbágungbàgun. Ìròyìn ti ṣáájú wọn dé. Awakọ̀, agbẹ̀bí, akọ̀wé kóòtù, gbogbo wọn ti kún àgbàlá. Wọ́n jẹ́ kí Tíṣà wọlé nítorí pé òun ló mú olè wá, kò sì sẹ́ni tó láyà láti ní kó dúró síta.

"Orúkọ ẹ?" Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Owó àwọn èèyàn dà?"

"Ó ti tán."

"Ta lẹ jọ ṣe é?"

"Èmi nìkan ni. Ìwọ ọlọ́pàá yìí, má yọ mí lẹ́nu. Ìwọ ìyá yìí náà, kí lò ń wò?"

"Ìdajì irùngbọ̀n ni mò ń wò," Tíṣà sọ.

"Sọ̀rọ̀, kí n tó bínú," Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ lu tábìlì.

"Bínú. Ta lo fẹ́ fi ìyẹn dẹ́rù bà?"

Wọ́n pe Alátíì wọlé kó wá jẹ́rìí pé ọ̀gá òun nìyí. Ó fi igbe wọlé. "Olè! Owó ìyá mi dà? Ọlọ́run á bi ẹ́!" Ọlọ́pàá méjì ló dì í mú kó má baà kó ẹ̀ṣẹ́ bo Máníjà. Ọkùnrin náà kàn tẹrí ba. Kò fèsì kan.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ya Tíṣà lẹ́nu, àmọ́ kò tíì mú un lọ síbì kankan. Máníjà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní kí Alátíì bu omi fún un, kí ó lè rí ọ̀fun sọ̀rọ̀. Alátíì bu omi sí ife, ó gbé e fún un. Máníjà fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n dè gbà á.

"Ẹ ṣé," ló sọ, jẹ́jẹ́.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ń kọ̀wé, kò gbọ́. Àwọn ọlọ́pàá méjèèjì ò kà á sí. Ṣùgbọ́n etí Tíṣà nà. Kí ló sọ? Ó rò pé bóyá ẹ̀rù ló ti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ó fẹ́ mọ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé omi yẹn tutù?"

"Kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀?"

Áà! Ẹ̀kọ́ náà ò tíì kárí. Tíṣà sún àga rẹ̀ mọ́ tábìlì.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ jẹ́ kí n bi í ní ìbéèrè kan péré." Kò dúró gba àyè. "Alátíì yìí, ṣé ó mọ̀ nípa owó tẹ́ ẹ kó?"

"Rárá o!" Máníjà yára dáhùn. "Wọn ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Fi wọ́n sílẹ̀, jàre."

"Àwọn wo?"

Máníjà gbé ife sẹ́nu, kò sí omi níbẹ̀ mọ́.

"Mo ní àwọn wo? Alátíì kan ṣoṣo ni mo béèrè. Òun nìkan ló dúró yìí, kò mú ẹnì kankan dání. Ta ni 'wọ́n'?"

Ṣingọ́ọ̀mù dúró lẹ́nu Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Máníjà yíjú sí Alátíì, ó wò ó bí ọmọ tó fọ́ àwo ṣe ń wo àgbà tó rán an níṣẹ́.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá," Tíṣà ní, ohùn kíláàsì ló sì fi sọ ọ́, "ọkùnrin yìí ò sọ 'ẹ' sí èmi tí mo lè bí i. Kò sọ ọ́ sí ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ìbọn sídìí. Alátíì ló kí ní 'ẹ ṣé'. Alátíì ló ń pè ní 'wọ́n'. Agogo yẹn náà, kò lù ú nítorí àfojúdi. Ẹnu rẹ̀ ò lè sọ 'ìwọ' sí i ni! Ẹ bi mí pé ta ni Alátíì."

Alátíì bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ̀rù ló ń bà á, ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n lọ po tíì wá fún yín, ó ti rẹ gbogbo yín." Kí ẹnikẹ́ni tó ronú, ó ti gbé tíréè, ó ti jáde. Àṣà burúkú ni. Ta ló ń dá ẹni tó fẹ́ lọ po tíì dúró?

Kò sáré. Ó gba àárín èrò inú àgbàlá kọjá wẹ́rẹ́.

"Alátíì, ṣé ó ti jẹ́wọ́?"

"Ó ti ń jẹ́wọ́, sà. Ẹ jẹ́ kí n ra ṣúgà dé."

"Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ dáadáa. Ẹ jẹ́ kó kọjá!"

Wọ́n yà fún un. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu géètì nígbà tí Télọ̀ di ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú. Láti àná ni yíya èjìká ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ti ń dà á láàmú, ó sì ti bẹ agbẹ̀bí kó bá òun ti òwú bọ abẹ́rẹ́.

"Dúró, kí n gán an fún ẹ. Kò ní pẹ́."

"Màmá, ẹ fi mí sílẹ̀, mò ń kánjú."

"O ò ṣáà lè máa rìn kiri báyìí."

Ìgbà yẹn ni Tíṣà jáde sórí àtẹ̀gùn. "Ẹ mú un! Alátíì! Ẹ má jẹ́ kó lọ!"

"Kí ló ṣe?" awakọ̀ béèrè.

"Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀!" agbẹ̀bí ní.

Télọ̀ ò béèrè nǹkan kan. Láti kékeré, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti pariwo "mú un," yóò kọ́kọ́ mú un ná. Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì náà mọ́ ọwọ́, ó fi ìdí múlẹ̀. Alátíì ju tíréè sílẹ̀, ó fà. Ṣẹ́ẹ̀tì ya títí dé ọrùn, ó kù kọ́là. Télọ̀ di kọ́là mú. Ọwọ́ tó ti ń gé aṣọ láti ìgbà ọmọge, ọwọ́ lásán kọ́! Alátíì bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, ó pè é ní arúgbó ojú fífọ́. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀, ó ti di ohùn àgbà. Nígbà tí èrò gbọ́ ohùn yẹn, ó yé wọn. Awakọ̀ ló jókòó lé e láyà títí Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ fi dé.

Wọ́n tú fóònù rẹ̀ wò. Máníjà ló ń pè ní gbogbo ìgbà tí inú bá ń run ún. Wọ́n fi àwọn méjèèjì jókòó síwájú tábìlì kan náà, Alátíì sì yíjú sí Máníjà.

"Òmùgọ̀! Ṣé o ò lè gba omi kó o panu mọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú," Máníjà ń sunkún. "Ẹnu mi ló yọ̀. Ẹ ò rí i pé ẹ̀yin lẹ gbé e fún mi?"

Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ara kékeré ló jẹ́ kí Alátíì dà bí ọ̀dọ́, òun ló fi ọdún púpọ̀ ju Máníjà lọ, òun ló tọ́ ọ dàgbà.

"Ta ló kọ́ ọ ní àfojúdi?" Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ bi àbúrò.

"Àwọn ni. Ó ṣòro fún mi gan-an, sà." Ó ti ń sọ "sà" báyìí.

"Bí o bá bẹ èèyàn pé kó gbé owó wá, á sá," Alátíì ṣàlàyé, kò tiẹ̀ tijú. "Bí o bá lé e, á gbé e dé. Èmi á wà nítòsí pẹ̀lú tíì, màá máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Kò sẹ́ni tó ń dákẹ́ fún alátíì."

Ojú ti Tíṣà, nítorí pé òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ. "Owó yẹn dà?"

"Ó wà ní báǹkì. Èyí tó kù, mo fi ra ilé kan létí odò. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ fẹ̀."

"Kí lo fẹ́ máa fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe?"

Alátíì mí kanlẹ̀. "Mo ti ń dàgbà. Iṣẹ́ yìí ti sú mi, sísá kiri yìí. Èmi náà fẹ́ fẹ̀yìn tì."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ rẹ́rìn-ín títí ṣingọ́ọ̀mù fi jábọ́ lẹ́nu rẹ̀. Tíṣà dìde, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe.

"Ọkàn ẹ balẹ̀. Ìjọba ti bá ẹ ṣètò rẹ̀. Yàrá ọ̀fẹ́, oúnjẹ ọ̀fẹ́, ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà tọ̀sán-tòru. Wàá sinmi dọ́ba."

Kóòtù gba owó tó wà ní báǹkì, ó ta ilé etí odò. Adájọ́ yọ owó oṣooṣù tí kálukú ti gbà, ó sì dá ìyókù padà fún wọn. Igbe ayọ̀ tí wọ́n ké lọ́jọ́ yẹn, ọlọ́pàá kóòtù ní láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lọ ṣe é níta. Agbẹ̀bí jó. Akọ̀wé tó ń tiro gbàgbé pé òun ń tiro. Télọ̀ gba tiẹ̀, ó dì í mọ́ àyà.

"Ibo lo máa fi sí?" Tíṣà béèrè, ó yára bo ẹnu. "Má dá mi lóhùn. Èmi ò dá sí i mọ́ láyé mi."

"Báǹkì mi àtijọ́ ni mo ń lọ. Ẹ bá mi kálọ, ṣùgbọ́n ẹ má sọ̀rọ̀ níbẹ̀."

Tíṣà bá a lọ. Kò sọ̀rọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, oòrùn ti wọ yàrá, Télọ̀ sì wà lórí ibùsùn, ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí nínú ilé yẹn. Tíṣà rò pé àìsàn ni. Ó jókòó sẹ́sẹ̀ ibùsùn, ó fẹ́ fọwọ́ kàn án lórí wò. Ìgbà náà ni ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

"Télọ̀! Ẹ dákun, ọ̀la ni mo fẹ́ wọ aṣọ yìí o!"

Télọ̀ ò dìde. Ó gbé orí sókè díẹ̀ kúrò lórí ìrọ̀rí.

"Ẹ má bínú o! Mo ti fẹ̀yìn tì!"

"Látìgbà wo?"

"Láàárọ̀ yìí!"

Oníbàárà náà kùn, ó bá tirẹ̀ lọ. Télọ̀ fa aṣọ bora dé èjìká, ó yíjú sí ògiri. Omijé ti bo Tíṣà lójú, ó kàn ń fọwọ́ pa àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Télọ̀ ní, oorun ti ń gbé ohùn rẹ̀ lọ.

"Kí ni, àbúrò mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀. Ẹ jókòó lé mi lẹ́sẹ̀."

Tíṣà sún.